Mo máa ń gbá géèmù di aago mẹ́ta òru: ṣé àìsàn ni?

Ìbéèrè tó wọlé rèé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún 27 ni mí, iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe láàárọ̀ dalẹ́, tí mo bá ti délé géèmù ló kàn, bíi wákàtí márùn-ún lójúmọ́, ó máa ń di aago mẹ́ta òru nígbà míì, tó bá wá di òpin ọ̀sẹ̀ mi ò ka wákàtí mọ́. Ó ti tó oṣù kan báyìí tí ìdí àtàǹpàkò ọ̀tún mi ti ń dùn mí, ojú máa ń ta mí, ara mi sì ti fẹ̀ sí i. Énájì dírínkì ni mo fi ń gbéra láàárọ̀, òun náà ni mo fi ń ṣòru. Ìyàwó mi ní àìsàn ni, ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti kọ ọ́ sínú ìwé àìsàn. Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé kí n kúkú ta gbogbo ẹ̀ ni?"

Àbúrò, o káre tí o béèrè. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, iṣan, eegun àti oríkèé ni tèmi, àwọn tó ń gbá géèmù sì pọ̀ nínú àwọn tó ń wá bá mi. Ọ̀pọ̀ wọn, ọwọ́ tàbí ọrùn ló gbé wọn wá, ṣùgbọ́n tí a bá wá jókòó sọ̀rọ̀ dáadáa a máa rí i pé ọwọ́ yẹn ló kéré jù nínú ohun tó ń ṣe wọ́n. Lẹ́tà tìẹ náà jọ bẹ́ẹ̀. Kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn ẹ lè balẹ̀: nínú ohun tí o kọ yìí mi ò tíì rí ohun tí mo lè pè ní àìsàn géèmù, àmọ́ mo rí ẹni tí kì í sùn, tí kì í rìn, tó wá ń fi kàféènì, ohun tó wà nínú énájì dírínkì tó ń lé oorun, pa ara ẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Ìyàwó ẹ ò purọ́ o. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní ìwé kan tí wọ́n ń to orúkọ gbogbo àìsàn sí, ICD-11 ni wọ́n ń pe èyí tó wà lóde báyìí, oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Àìsàn géèmù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ ka ohun tí wọ́n kọ, o ò ní rí iye wákàtí kankan níbẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń wò: pé apá ẹni náà ò ká a mọ́, kò lè sọ pé ìgbà báyìí ni màá bẹ̀rẹ̀, ìgbà báyìí ni màá dáwọ́ dúró, pé géèmù ti gba iwájú gbogbo ohun tó kù láyé ẹ̀, àti pé ó ń rí i tó ń ba nǹkan jẹ́, iṣẹ́ ń bọ́, ìwé ń rẹ̀yìn, ilé ń dàrú, síbẹ̀ ńṣe ló tún ń fi kún un. Ó sì gbọ́dọ̀ ti wà bẹ́ẹ̀ fún bíi oṣù 12 kí wọ́n tó fún un lórúkọ yẹn, àfi tó bá le gan-an. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tiẹ̀ ṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, nínú ìwé tiwọn tó jáde ní 2013, DSM-5, ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n fi í sí, láàárín àwọn nǹkan tí wọ́n ní kí ìwádìí ṣì máa lọ lórí ẹ̀.

Torí náà tí ẹnì kan bá sọ fún ẹ pé wákàtí báyìí ti di àìsàn, inú ara ẹ̀ ló ti mú un. Ní 2022 àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Oxford gba àkọsílẹ̀ wákàtí tààrà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, wọn ò béèrè lẹ́nu èèyàn, torí ká sòótọ́, ta ló máa ń ka wákàtí tiẹ̀ pé? Bíi 39,000 èèyàn, géèmù 7, wọ́n tọpa wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọn ò rí ẹ̀rí kan gbòógì pé wákàtí tó gùn ló ń ba inú èèyàn jẹ́, wọn ò sì rí i pé òun ló ń mú un dùn. Ohun tó ṣe pàtàkì ju wákàtí lọ ni ìdí tí ẹni náà fi jókòó sídìí ẹ̀: ẹni tó ń gbá a torí pé ó wù ú, àti ẹni tó ń gbá a bíi pé ẹnì kan ń lé e lẹ́yìn, àwọn méjèèjì ò rí bákan náà.

Èmi, ohun tí mo máa ń bi èèyàn ni pé: wákàtí márùn-ún yẹn, ọwọ́ kí lo ti gbà á? Wákàtí 24 náà ni gbogbo wa ní. Tó bá jẹ́ ọwọ́ tẹlifíṣọ̀n lo ti gbà á, mi ò ní nǹkan kan sọ. Tó bá jẹ́ ọwọ́ oorun, ọwọ́ ìrìn, ọwọ́ oúnjẹ tí èèyàn jókòó jẹ, ọwọ́ ìyàwó, a jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́tà ẹ sì ti sọ ọ́ fún mi láìmọ̀, oorun ló san èyí tó pọ̀ jù.

Ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àgbàlagbà nílò wákàtí 7 ó kéré tán lálẹ́, àwọn tó wà láàárín ọdún 13 sí 18 nílò 8 sí 10. Ìwọ tí o sùn láago mẹ́ta tí o sì gbọ́dọ̀ jí lọ síbi iṣẹ́, bóyá mẹ́rin lo rí. Wọ́n á sọ fún ẹ pé ìmọ́lẹ̀ búlúù ojú síkíríìnì ló fà á, wọ́n á ní kí o lọ ra gíláàsì, jọ̀ọ́ fi owó ẹ sápò. Ní 2010 àwọn olùwádìí kan ní Ọsirélíà ní kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin gbá géèmù ìjà kí wọ́n tó sùn, lálẹ́ ọjọ́ míì wọ́n ní kí wọ́n wo fíìmù jẹ́jẹ́, ìyàtọ̀ tó wà nínú bí oorun ṣe tètè gbé wọn lọ ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀. Mi ò ní ìmọ́lẹ̀ ò ṣe nǹkan kan o, àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ò lè sọ aago méjìlá di aago mẹ́ta. O ò lọ sórí bẹ́ẹ̀dì ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

O sì mọ bó ṣe ń lọ. Aago 11:40, ẹ fìdí rẹmi, ránkì ẹ já wálẹ̀, o ní o ò lè gbé ìyẹn sùn, o tún wọ òmíràn. Ẹ wá jẹ, inú gbogbo yín ń dùn, ẹnì kan nínú tíìmù sọ nínú íápíìsì pé ọwọ́ wa ti wọlé, ẹ jẹ́ ká tún ṣe ẹyọ kan péré, ta ló máa dìde níbẹ̀? Bóo jẹ bóo fìdí rẹmi, ìdí wà láti tún gbá ẹyọ kan. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ẹ̀bùn ojoojúmọ́ tó máa lọ tí o ò bá wọlé lónìí, ìpele tó ku díẹ̀ kó kún, géèmù tí ò ṣeé dá dúró láàárín torí àwọn mẹ́rin míì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ. Fún ìdí yìí, "màá sùn láago méjìlá" ò lè ṣiṣẹ́ fún ẹ láéláé, torí aago méjìlá máa bá ẹ láàárín ìjà. Aago tí èyí tó kẹ́yìn máa BẸ̀RẸ̀ ni kí o mú. Tí ẹyọ kan bá máa ń gba ìṣẹ́jú 40, tí o sì fẹ́ wà lórí bẹ́ẹ̀dì láago méjìlá, èyí tó kẹ́yìn ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kọjá aago mọ́kànlá, kí o lè rí ogún ìṣẹ́jú fọ eyín kí orí sì tutù. Sọ ọ́ fún àwọn tíìmù ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ alẹ́, pé èmi mọ́kànlá ni o, ó rọrùn láti sọ láago mẹ́jọ ju láago mọ́kànlá lọ. Kí o sì gbé fóònù tó máa dún àlámù sí yàrá míì, kí o lè jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ dìde kí o tó pa á.

Énájì dírínkì wàyí. Láti ìgbà tí o bá ti jí ni nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní adenosine ti ń kóra jọ nínú ọpọlọ ẹ, òun ló máa ń sọ fún ara pé ó ti tó, lọ sùn. Kàféènì á wá lọ jókòó sórí àga tó yẹ kí adenosine jókòó sí. Adenosine ò lọ síbì kankan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló ń pọ̀ sí i, ọjọ́ tí àga bá ṣófo o mọ bó ṣe máa ń rí. Agolo kékeré, 250 ml, kàféènì inú ẹ̀ sábà máa ń tó 80 mg, ńlá tó jẹ́ 500 ml máa ń tó 160. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, EFSA, sọ ní 2015 pé àgbàlagbà tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá lè mu tó 400 mg lójúmọ́ láìsí wàhálà, kó má ju 200 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí àwọn èèyàn ò ti ń ṣírò dáadáa ni àsìkò: ó máa ń gba bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì ẹ̀ tó kúrò lára, ara ẹlòmíì tiẹ̀ lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agolo ńlá tí o mu láago mẹ́sàn-án alẹ́, tó bá fi máa di aago méjì òru ó ṣì dà bíi pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ mu agolo kékeré kan tán. O wá dùbúlẹ̀ láago mẹ́ta, o sùn, àmọ́ oorun náà fẹ́lẹ́, o jí pẹ̀lú orí wúwo, o tún ṣí òmíràn láàárọ̀. Má mu ún kọjá aago méjì ọ̀sán. Má sì já a lójijì o, ní pàtàkì tó bá ti tó méjì mẹ́ta lójúmọ́, orí máa fọ́ ẹ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ṣúgà inú ẹ̀ náà ńkọ́? Èyí tó ní ṣúgà, agolo kékeré máa ń ní bíi gíráàmù 27, ńlá lé ní 50, bẹ́ẹ̀ WHO ní gbogbo ṣúgà tí wọ́n fi kún oúnjẹ àti ohun mímu fún àgbàlagbà ò yẹ kó ju bíi 50 lọ lójúmọ́, wọ́n ní kó tiẹ̀ jẹ́ 25 ló dáa jù. Agolo ńlá kan ti gbà á tán kí o tó jẹun.

Ó dáa, ọwọ́ ẹ. Ibí ni mo ti lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ṣe èyí fún mi báyìí tí o ń kà á lọ́wọ́: na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, jẹ́ kí àtàǹpàkò wà lókè bíi pé o fẹ́ bọ èèyàn lọ́wọ́. Ká àtàǹpàkò wọnú àtẹ́lẹwọ́, fi ìka mẹ́rin tó kù dì í mú bí ẹ̀ṣẹ́. Wá rọra tẹ ọrùn ọwọ́ wálẹ̀, sí ìhà ibi tí ọmọńdinrín ìka wà. Rọra o, má fi agbára ṣe é. Tó bá kàn fà díẹ̀, ti gbogbo èèyàn ló ń fà. Tó bá wá ta ẹ gidi lórí eegun ọrùn ọwọ́, lápá ibi tí àtàǹpàkò ti bẹ̀rẹ̀, débi pé o fẹ́ já ọwọ́ gbà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní De Quervain. Orúkọ dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Switzerland ni, òun ló ṣàlàyé ẹ̀ ní 1895, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì lálàá géèmù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé okùn iṣan méjì tó ń gbé àtàǹpàkò sókè, tó ń nà án kúrò lára ọwọ́, inú àpò tóóró kan ni wọ́n ń gbà kọjá níbi ọrùn ọwọ́. Tí o bá ti ń yí igi orí pádì síwá sẹ́yìn fún wákàtí márùn-ún, wọ́n á máa ha ara wọn mọ́ àpò náà, àpò á nípọn sí i, ọ̀nà á tún há sí i. Kì í ṣe ìwọ lo kọ́kọ́ ní in. Ní 1981 wọ́n ti kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà, New England Journal of Medicine, nípa ọrùn ọwọ́ àwọn tó ń gbá Space Invaders, ní 1990 wọ́n tún kọ òmíràn sínú ìwé ìròyìn kan náà nípa àtàǹpàkò àwọn tó ń gbá Nintendo. Géèmù ń yí padà, àtàǹpàkò ò yí padà.

Tó bá jẹ́ pé dídùn nìkan kọ́, tó jẹ́ pé ọwọ́ máa ń kú lóru, àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀là, ìka àárín àti ìdajì ìka tó tẹ̀ lé e, tí o ní láti gbọn ọwọ́ kó tó sọjí, ìyẹn yàtọ̀, iṣan ìmọ̀lára tó gba àárín ọrùn ọwọ́ kọjá ni wọ́n ń fún pa, àwọn tó ń lo máọ́sì ló sábà máa ń bá a wá. Má fi ìtọ́jú ọ̀kan ṣe èkejì.

Tó bá jẹ́ De Quervain, gbé pádì sílẹ̀ pátápátá fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ gbọ́ ọ. Ra ohun tí wọ́n fi ń de ọrùn ọwọ́, àmọ́ èyí tó mú àtàǹpàkò náà dúró, torí èyí tó de ọrùn ọwọ́ nìkan tó fi àtàǹpàkò sílẹ̀ gbayawu ò wúlò fún ẹ, òun sì ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ rà. Wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án àti lóru fún bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí o máa bọ́ ọ láti fọ ọwọ́. Fi áìsì tí o fi aṣọ wé sí i fún ìṣẹ́jú 10 tó bá ń ta. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á, kí wọ́n má run ún, mo ti rí ọwọ́ tó ń dùn díẹ̀ tí wọ́n fà títí tó fi wú. Tí o bá máa padà sídìí pádì, wo bí o ṣe ń dì í mú, ọ̀pọ̀ èèyàn ń fún un bíi pé ó fẹ́ sá lọ, ní pàtàkì nígbà tí ìjà bá gbóná, jẹ́ kí ọwọ́ dẹ̀, gbé apá lé nǹkan, kí o sì lọ sínú sẹ́tìnsì lọ gbé àwọn bọ́tìnnì tí àtàǹpàkò ń tẹ̀ jù sábẹ́ ìka míì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ò bá gbọ́, dókítà lè fún ẹ ní abẹ́rẹ́ sítírọ́ọ̀dù síbẹ̀, ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀, iṣẹ́ abẹ ò wọ́pọ̀.

Ìjókòó ni mo tún fẹ́ bá ẹ jà lé lórí díẹ̀. Àga ibi iṣẹ́, àga inú ọkọ̀, àga ìdí géèmù, ìgbà wo lo wá ń dìde? Ní 2016 wọ́n kó ìwádìí tó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn jọ, ó jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, wọ́n rí i pé àwọn tó ń jókòó ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́ tí wọn kì í ṣe eré ìdárayá kankan ni ikú ń tètè pa jù, àmọ́ àwọn tó ń jókòó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì ń rin ìrìn gidi tàbí gun kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 60 sí 75 lójúmọ́, ewu yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Mi ò ní kí o bẹ̀rẹ̀ látorí wákàtí kan, o ò ní ṣe é, èmi àti ẹ mọ̀. Ohun tí WHO ní kí àgbàlagbà ṣe, ó kéré tán, ni ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ìyẹn ìrìn tó yá tó sì mú kí o máa mí gúlegúle, ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí o tó délé kí o tó tan nǹkan kan. Tí o bá ti jókòó sídìí ẹ̀ o ò ní dìde mọ́.

Láàárín géèmù náà àyè wà. Ìgbà tí wọ́n bá ń wá àwọn tí ẹ máa jọ gbá, ìgbà tí wọ́n bá pa ẹ́ tí o ń dúró kí o padà wọlé, fóònù lo máa ń gbé nígbà yẹn, àbí irọ́ ni? Dìde. Lọ tọ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń mú ìtọ̀ mọ́ra fún wákàtí méjì torí ìjà, wọn ò tiẹ̀ ní mu omi kí wọ́n má baà ní láti tọ̀. Dúró, jókòó, dúró, jókòó lórí àga yẹn nígbà mẹ́wàá, yí èjìká sẹ́yìn, ó parí. Nípa àga géèmù aláwọ̀ mèremère yẹn, àga ọkọ̀ ìdíje ni wọ́n wò ṣe é, tí wọ́n ṣe apá ẹ̀ báyẹn kí ọkọ̀ má baà gbọn awakọ̀ dànù ní kọ́nà, yàrá ẹ ò ní kọ́nà. Àga èyíkéyìí tí ẹsẹ̀ ẹ ti tẹ ilẹ̀ dáadáa, tí ẹ̀yìn ẹ rí nǹkan fẹ̀yìn tì, tí orí síkíríìnì sì bá ojú ẹ dọ́gba, ó tó.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o: ẹ̀jẹ̀ máa ń dì nínú ẹsẹ̀ tí ò bá mira fún wákàtí púpọ̀. Ní 2003 àwọn dókítà ní New Zealand kọ̀wé nípa ọkùnrin ọmọ ọdún 32 kan, tí ẹ̀jẹ̀ dídì ti ẹsẹ̀ ẹ̀ gòkè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ìjókòó gígùn nídìí kọ̀ǹpútà, díẹ̀ ló kù kó kú. Ní 2005, ní Daegu ní South Korea, ọkùnrin ọmọ ọdún 28 kan kú lẹ́yìn tó gbá géèmù bíi wákàtí 50, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dìde rárá. Ìyẹn ò wọ́pọ̀, mi ò fi dẹ́rù bà ẹ́, àmọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń dùn lẹ́yìn ojúgun, tàbí tí èémí bá já ẹ lójijì, ọsibítù ni, lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ara tó fẹ̀, ká má di gbogbo ẹ̀ ru géèmù. Ní 2011 wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbá géèmù fún wákàtí kan péré, wọ́n wá gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n jẹ ju ọjọ́ tí wọ́n kàn jókòó sinmi lọ, bẹ́ẹ̀ ebi ò pa wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ kan lórí pádì, ọwọ́ kan nínú páálí bísíkíìtì, o ò ní mọ ìgbà tó tán. Jẹun kí o tó bẹ̀rẹ̀, kúrò nídìí síkíríìnì jẹ ẹ́, kí omi nìkan wà lórí tábìlì. Oorun tí o ń jẹ gbèsè ẹ̀ náà ń mú ebi wá. Ẹ jẹ́ ká tún sọ òdìkejì ẹ̀: nígbà tí Queensland University of Technology ní Ọsirélíà wo àwọn tó lé ní 1,700 tó ń gbá géèmù ìdíje ní orílẹ̀-èdè 65, àwọn tó wà lókè pátápátá nínú wọn ló ń ṣe eré ìdárayá ju àwọn tó kù lọ.

Ojú ẹ, kíákíá: èèyàn sábà máa ń ṣẹ́jú bíi ìgbà 15 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan, nídìí síkíríìnì ó máa ń wálẹ̀ gan-an, omi ojú á gbẹ, ó wá ń ta. Lẹ́yìn gbogbo ìṣẹ́jú 20, wo ohun tó jìnnà tó mítà 6 fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí o sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́jú. Yí fáànù kúrò níwájú ojú. Tí o bá ń rí méjì méjì, tàbí tí orí ń fọ́ ẹ lójoojúmọ́, lọ yẹ ojú wò. Etí náà: ìwọ̀n tí WHO fọwọ́ sí ni décíbẹ́ẹ̀lì 80 (décíbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, gbogbo ìgbà tí ariwo bá fi 3 lé e, ìdajì àsìkò yẹn ti lọ, tó fi jẹ́ pé tó bá dé 92 kò ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ lọ́sẹ̀. Ìró ìbọn inú íápíìsì sì máa ń ga. Tí etí bá ń hó lẹ́yìn tí o yọ ọ́, ó ti pọ̀ jù. Ohun kan tó kù, ẹni tó bá dákú láàárín géèmù, ọmọdé ni o àgbà ni o, ẹ má sọ pé ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni, kí wọ́n yẹ ọkàn ẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ. Ìjọba àwọn ibì kan ti gbìyànjú láti fi òfin dá géèmù dúró: South Korea ṣòfin ní 2011 pé ẹni tí ò bá tíì pé ọdún 16 ò gbọ́dọ̀ gbá géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì láti aago méjìlá òru sí mẹ́fà àárọ̀, nígbà tó di 2022 wọ́n gbé òfin náà kúrò. Ṣáínà ṣì ń dè é mọ́lẹ̀, láti 2021 àwọn tí ò tíì pé 18 ò rí ju wákàtí kan lọ, Friday, Saturday, Sunday àti ọjọ́ ìsinmi, láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́. Ọmọ ọdún 27 ni ẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní bá ẹ tì í. Bi í léèrè, kí o sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán: ṣé géèmù náà ló ń bí i nínú, àbí pé ó ń dá sùn? Ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo bá bi àwọn ìyàwó, dídá sùn yẹn ni wọ́n máa ń sọ fún mi, kì í sì í ṣe orúkọ àìsàn kankan.

Nítorí náà má tíì ta nǹkan kan. Àtàǹpàkò ẹ ló ní kí o sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn fi san gbèsè oorun. Lẹ́yìn ìyẹn padà, kí èyí tó kẹ́yìn máa bẹ̀rẹ̀ láago mọ́kànlá ó pẹ́ tán, kí o máa kọ ọ́ sílẹ̀ lálaalẹ́ fún oṣù kan, aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tí o sùn. Tí o bá rí i pé ò ń tẹ̀ lé e, bó tiẹ̀ jẹ́ pé o ń yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìwọ àti ìyàwó ẹ lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé lálaalẹ́ lo ń fẹ́ tẹ̀ lé e tí o ò lè ṣe é, tàbí pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o sinmi ń ṣe ni inú ń bí ẹ sí gbogbo èèyàn tí o sì ń fi ọwọ́ tó ń dùn yẹn gbá a ní ìkọ̀kọ̀, ìgbà yẹn ohun àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta tí WHO kọ ti wà lọ́wọ́ ẹ, lọ rí oníṣègùn ọpọlọ tàbí onímọ̀ ìhùwàsí. Ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ ẹnu tí wọ́n ń pè ní CBT ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Mú ìwé tí o kọ aago sí yẹn dání lọ.